Èmi àti Táyé Lára Ògiri

Köln, Jámánì
2 oṣù Kejì, 2025

Mọ́mì mi,

Mo kúnlẹ̀ o. Òtútù ibí kì í jẹ́ kí orúnkún tẹ̀ bọ̀rọ̀, àmọ́ mo kúnlẹ̀ náà. Ẹ kú iṣẹ́ ọjọ́ gbogbo, ẹ kú ìfaradà àìsí iná. Dádì ńkọ́? Ṣé ikọ́ yẹn ti fi wọ́n sílẹ̀? Àǹtí Níní ní kí n bá àwọn kí ìyàwó àwọn, kí n sì sọ fún ẹ̀gbọ́n àwọn kí wọ́n jìnnà sí omi tútù.

Àdéhùn wa nígbà tí mo ń kúrò ní Bàrígà ni pé ọ̀rọ̀ kékeré á máa wá lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ńlá á máa wá nínú ìwé, ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì lórí, kí n má bàa di òyìnbó mọ́ yín lọ́wọ́. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà lọ́dọ̀ Àǹtí Níní, mo ṣì ń pa á mọ́. Mo fi bírò kọ èyí, mo sì yà á sínú fóònù kí ó lè tètè dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ ti mọ̀ nìyẹn pé ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Mọ́mì, mo ti rí iṣẹ́ eré lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ má tíì pariwo, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Àwọn kan wá sí ilé ìwé wa lóṣù tó kọjá, wọ́n ń wá ọmọbìnrin tó lè kọrin lókè lọ́hùn-ún kí ohùn rẹ̀ má gbọ̀n. Àwọn ọmọ yòókù kọ orin tó wà lóde. Èmi ò mọ èyíkéyìí nínú rẹ̀ dé ìparí, ni mo bá kọ ọ̀kan nínú orin ìjọ wa, èyí tí mo máa ń dá kọ ní ọjọ́ ìkórè. Obìnrin tó ń darí eré náà gbé bírò sílẹ̀, ó ní kí n tún un kọ. Nígbà tó ṣe díẹ̀ wọ́n pè mí, wọ́n ní èmi ni wọ́n mú, pé èmi gan-an ni olórí eré. Eré apanilẹ́rìn-ín ni, àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ń ṣe é fún. Ẹ bá mi dúpẹ́, kí ẹ sì wúre fún mi.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọrọ. Àwòrán èmi àti Táyé tó wà lókè bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà á ní fóònù kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Àwọn eléré fẹ́ rí àwòrán ìgbà tí mo wà ní kékeré, kò sì sí èyí tí mo fẹ́ràn tó o. Nígbà tí mo ń bọ̀ níjọ́sí, mo bẹ̀ yín kí n mú un dání, ẹ ò gbà. Ẹ gbà fún mi lọ́tẹ̀ yìí.

Ọmọ yín,
Kẹ́hìndé Moyọ̀sọ́lá


Bàrígà
11 oṣù Kejì, 2025

Kẹ́hìndé mi, Èjìrẹ́ ará Ìṣokùn,

Orúnkún tó kúnlẹ̀ nínú òtútù, Olúwa kò ní jẹ́ kó ro ọ́. Bàbá rẹ ò wúkọ́ mọ́, ẹnu àríyànjiyàn ẹ̀ ti padà bọ̀ sípò. Sọ fún Níní pé ìyàwó ẹ̀ ń kí i, ṣùgbọ́n ìpara orúnkún tó ṣèlérí fún mi láti Kérésì, ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ ni?

Ibi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà rẹ, ní Bajulaiye, níbi tí a ti ń ṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú bàbá olówó kan. Mo dìde láàárín ìwé, mo jó. Ọ̀gá ní kí ló dé, mo ní ọmọ mi ti di ará inú tẹlifíṣọ̀n. Ó ní ó dáa, kí n jókòó, àwọn olóòkú ń dúró. Inú mi dùn, ọmọ mi. Orin tí o ń kọ nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin tó dàgbà jù ọ́ lọ ń ṣe ẹnu bùdù bùdù sí ọ, òun ló gbé ọ dé iwájú òyìnbó yìí. Ohùn rẹ kò ní wọ̀. Ayé kò ní bá ọ du ògo rẹ.

Ó yá, jẹ́ kí n wá bi ọ́. O ròyìn lọ bẹẹrẹ, o kò sọ ẹni tí o jẹ́ nínú eré náà. Ta ni wọ́n ní kí o ṣe? Ṣé wọ́n ń fẹnu ko ara wọn lẹ́nu níbẹ̀? Ṣé aṣọ wà lára yín? Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni ọ́, má gbàgbé. Mo bí ọ, mo mọ̀ ọ́: tí o bá ti ń sọ̀rọ̀ yí ọ̀rọ̀ ká, nǹkan wà ní ìdí ẹ̀ tí o kò fẹ́ kí n fọwọ́ kàn.

Ní ti àwòrán, rárá. Mi ò bínú, ṣùgbọ́n rárá náà ni. Àwòrán yẹn kì í kúrò lára ògiri, kì í sì í wọ inú fóònù ẹnikẹ́ni. Ẹni tó rìnrìn-àjò, a kì í gbé ojú rẹ̀ kiri. Mo fi èyí tí o yà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ránṣẹ́, nígbà tí eyín iwájú rẹ ti yọ. Eré apanilẹ́rìn-ín lo ní ẹ ń ṣe, ìyẹn á tó wọn í rín.

Kọ̀wé kíákíá.

Ìyá rẹ


Köln
23 oṣù Kẹta, 2025

Mọ́mì mi,

Mo kí yín tàdúrà tàdúrà. Ẹ má bínú pé mo pẹ́, àárọ̀ kùtù ni a máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí mo bá padà délé, oúnjẹ ló ń jẹ mí dípò kí n jẹ ẹ́. Ìpara orúnkún yín ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ nílé, á gbé e wá fún yín ní ibùdókọ̀ Pedro.

Ẹ bèèrè ẹni tí mo jẹ́. Orúkọ ọmọ náà ni Jana. Ilé ìwé kan wà tí àwọn ọmọkùnrin ń gbé inú rẹ̀, orin ni wọ́n ń kọ́, wọn kì í sì í gba obìnrin. Arákùnrin Jana ni wọ́n mú síbẹ̀, àfi bí ohùn rẹ̀ ṣe fọ́ lójijì bó ṣe ń ṣe àwọn ọkùnrin tó ń bàlágà. Ẹ̀rù ń bà á láti sọ fún bàbá wọn. Ni Jana bá gé irun ara rẹ̀, ó wọ aṣọ arákùnrin rẹ̀, ó lọ bá wọn kọrin dípò rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀: bí á ṣe wẹ̀, ibi tí á máa sùn, bí á ṣe máa rìn. Tí mo bá ń rìn bí ọkùnrin, Dádì ni mo máa ń ṣe bí, tí wọ́n bá ń ti ibi tí wọ́n ti lọ wo bọ́ọ̀lù bọ̀ tí ẹgbẹ́ wọn sì ti pàdánù. Gbogbo èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti gé irun mi, ẹ má sunkún, á hù. Kò sí ìfẹnukonu. Aṣọ wà lára wa, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni, kọ́là rẹ̀ dé ọrùn.

Ní ti àwòrán, mo ti gbọ́ ohun tí ẹ sọ.

Ọmọ yín,
Kẹ́hìndé


Bàrígà
8 oṣù Kẹfà, 2025

Kẹ́hìndé,

Mi ò kí ọ. Ìkíni ń bọ̀ lẹ́nu mi, mo gbé e mì.

Lánàá, Fareedah ọ̀rẹ́ rẹ sáré wọ ibi iṣẹ́ wa ní Bajulaiye, ó na fóònù sókè, ó ń pariwo pé, “Ìyá Ìbejì, ẹ wá wo Kẹ́hìndé o! Wọ́n ti gbé e síta!” Gbogbo iṣẹ́ dúró. Ẹni tó ń gé ìwé pa ẹ̀rọ. Mo nu gọ́ọ̀mù ọwọ́ mi, mo gba àárín wọn kọjá, mo ń yan. Ọmọkùnrin kan ló dúró nínú fóònù, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, orí rẹ̀ mọ́ kedere. Ó yíjú padà.

Táyé ni. Kẹ́hìndé, Táyé mi ló yíjú wò mí. Ó ti dàgbà, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó fa ètè sísàlẹ̀ bíi kó sunkún. Mo pariwo orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọmọ yẹn ti lọ, mi ò pe orúkọ rẹ̀ sókè rí, iwájú àwọn tẹ̀wétẹ̀wé ni mo wá ti pè é. Wọ́n rò pé ayọ̀ ló pa mí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n tó dákẹ́.

Mi ò tíì sọ èyí tó burú jù. Lẹ́yìn ọmọ náà, lára ògiri ilé òyìnbó, àwòrán mi ló wà níbẹ̀. Àwòrán tí mo ní kò gbọdọ̀ kúrò lára ògiri mi. Mi ò tíì bi Fareedah tán tó fi jẹ́wọ́. Ó ní ìwọ lo bẹ òun, pé nígbà tí mo lọ sí ìpàdé àdúrà ni òun wọ yàrá mi, tí òun sì yà á. Ọmọ tí mo ń bù ní oúnjẹ. Òun náà ló túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ fún mi. Ó ní Jana àti arákùnrin rẹ̀, ìbejì ni wọ́n. Ìbejì! Ìyẹn ni o fi ń yí ọ̀rọ̀ ká láti ìgbà yìí.

Ṣé o mọ ohun tí o dáwọ́ lé? Èyí tó lọ kì í jìnnà sí èyí tó kù. Ojú rẹ̀ wà lára rẹ nígbà gbogbo. Jẹ́jẹ́ la fi ń ṣe é. Ẹ̀wà tí mo ń sè ní ọjọ́ ìbí yín tí mo ń bù sí abọ́ méjì fún àwọn ọmọ àdúgbò, kí lo rò pé mo ń sè é fún? Kó lè mọ̀ pé a ò gbàgbé òun ni, kó má bàa ní òun fẹ́ mú èkejì òun. Ìwọ wá gé irun, o wọ aṣọ ọkùnrin, o dúró síwájú ayé, àwọn òyìnbó ń fi ojú rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bó bá yíjú wò ọ́ ńkọ́? Bó bá ní, “Ó dáa, nígbà tí o ti wọ aṣọ mi, máa bọ̀,” kí ni mo fẹ́ ṣe? Ìwọ nìkan ló kù mí kù. Mi ò ní òmíràn.

Má sọ fún mi pé Onítẹ̀bọmi ni wá. Mo jẹ́ Onítẹ̀bọmi lọ́jọ́ Sunday, mo sì jẹ́ ìyá ìbejì lójoojúmọ́.

Fi eré yẹn sílẹ̀. Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun. Títí o ó fi sọ fún mi pé o ti fi í sílẹ̀, má pè mí. Mi ò ní gbé e.

Ìyá rẹ


Köln
10 oṣù Kẹfà, 2025

Mọ́mì mi,

Ẹ ò kí mi, èmi kí yín. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀.

Ẹ má fi Fareedah gégùn-ún. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́, ó kọ́kọ́ kọ̀, mo fi ọ̀rẹ́ wa bẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ̀bi mi ni, mo sì tọrọ àforíjì. Mo fi ọ̀rọ̀ ìbejì pamọ́ fún yín nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, ẹ ó ní rárá.

Ṣùgbọ́n inú ń bí èmi náà, Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí. Gbogbo ohun tí ẹ bá rà fún mi nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín, méjì ni. Bàtà méjì, ife méjì. Tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá bi mí ta ló ni èkejì, mi ò mọ èsì tí mo lè fún wọn, torí nílé wa, a kì í ní ìbejì kú, a ní ó rìnrìn-àjò. Tí mo bá wá bi yín bó ṣe rí, bóyá ó máa ń rẹ́rìn-ín, bóyá ó fẹ́ràn mi, ẹ ó ní, “Wo ògiri.” Mo wo ògiri títí. Ọmọ kan tó dé fìlà, tó di etí ṣòkòtò mú, tó fa ètè sísàlẹ̀. Òun nìkan ni ẹ fún mi nínú èkejì mi.

Nígbà tí wọ́n ní kí n ṣe ọkùnrin, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sá lọ. Mo gbé àwòrán tí Fareedah fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ dígí, mo ń ṣe ojú rẹ̀. Bó ṣe fa ètè, mo fà á. Bó ṣe gbé èjìká sókè, mo gbé e. Obìnrin tó ń darí eré rí mi, ó ní, “Òun nìyẹn, má yí i padà mọ́.” Wọ́n ní Kẹ́hìndé ló ń rán Táyé wá tọ́ ayé wò. Mo rán an o, Mọ́mì. Kò padà wá jíṣẹ́ fún mi. Inú ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ lára pé èmi náà jẹ́ ẹni méjì rí. Kò bà mí lẹ́rù. Ó dùn mọ́ mi.

Wọ́n fẹ́ ya òmíràn sí i ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n sì ń retí ẹnu mi kí oṣù Keje tó parí. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ ni láìgbọ́ ọ̀rọ̀ yín. Bí ẹ bá ka èyí tán tí ẹ ṣì ní kí n fi í sílẹ̀, màá fi í sílẹ̀. Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín pé inú mi á dùn láti wá sílé ní Kérésì lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ fèsì, ẹ jọ̀ọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, mi ò sì rí ojú yín.

Ọmọ yín,
Kẹ́hìndé


Köln
2 oṣù Keje, 2025

Mọ́mì,

Mo mọ̀ pé ẹ ti ka lẹ́tà mi. Àmì búlúù méjèèjì ti wà lábẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo fi í ránṣẹ́. Mo pe fóònù yín, Dádì ló gbé e, wọ́n ní ẹ ń sùn. Ọ̀sán gangan ni. Mo ń gbọ́ ohùn yín lẹ́yìn wọn tí ẹ ń lé adìyẹ.

Mi ò kọ èyí láti tún bẹ̀ yín nítorí eré. Nǹkan mìíràn ti ṣẹlẹ̀, ó sì ń dẹ́rù bà mí.

Àwọn eléré ti tú yàrá tí a ń lò ká. Wọ́n tẹ àwòrán wa tóbi nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e kọ́, ó tóbi tó tábìlì oúnjẹ wa. Wọ́n ní kí n máa gbé e lọ. Mo gbé e ti ògiri nínú yàrá mi lọ́dọ̀ Àǹtí Níní, mo jókòó síwájú rẹ̀. Mo rí ọwọ́ òsì mi níbi tí mo wà nínú gáùn, mo rí àpá áyọ́ọ̀nù lórí rẹ̀, èyí tó dà bí ojú abẹ. Mo rẹ́rìn-ín. Mo wá wo ọwọ́ òsì Táyé níbi tó ti di ṣòkòtò mú. Àpá kan náà ló wà níbẹ̀. Ibì kan náà, bó ṣe rí kan náà.

Ẹ̀yin lẹ sọ ìtàn àpá yìí fún mi. Ẹ máa ń fi í bá mi wí tí mo bá ń sáré nínú ilé: pé ẹ ń lọ aṣọ ìjọ, pé mo sáré dé, pé áyọ́ọ̀nù jó mi, pé ẹ gbé mi sunkún nítorí èmi nìkan ló kù yín kù. Èmi nìkan, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Táyé ti lọ nígbà náà.

Mo pe Àǹtí Níní kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n wò ó, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n bi ìyá mi.

Mọ́mì, ta ni ọmọkùnrin yìí? Ojú ta ni mo ń ṣe nínú dígí láti ọjọ́ yìí? Ṣé mo tiẹ̀ ní èkejì rí?

Kẹ́hìndé


Bàrígà
24 oṣù Keje, 2025

Kẹ́hìndé ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí ọ dáadáa, mo kí ọ lẹ́ẹ̀mejì, torí gbèsè èyí tí mo gbé mì níjọ́sí.

Ìwọ ni. Ìwọ ni méjèèjì.

O ní èkejì. Má tún bi mí ní ìbéèrè yẹn mọ́ láyé rẹ. Ikùn yìí gbé ẹni méjì, ọyàn méjèèjì yìí ni ẹ pín, ìwọ lo sì máa ń já tirẹ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Táyé Samson. Ibà ló mú un, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Àwòrán kan péré la ní ti ẹ̀yin méjèèjì, ti ọjọ́ ìkómọ. Omi òjò ya wọ ilé wa nígbà tí a ń gbé létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, ó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. À ń sọ pé a ó ya òmíràn, pé kí owó dé, pé kí òjò dá. A ò tíì yà á tí ó fi lọ. Nígbà tí o pé ọdún mẹ́rin, ìyá mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n wo ara ògiri, wọ́n rí ìwọ nìkan. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, pé ìbejì kì í dá wà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé ni wọ́n kọ́ mi: èyí tó kù á jókòó fún ara rẹ̀, á sì tún jókòó fún èkejì rẹ̀. Bí èyí tó lọ bá jẹ́ ọkùnrin, wọn á wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tó kù. Onífótò á lẹ méjèèjì pọ̀. Mo gbé ọ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Àyúbà onífótò ní Bajulaiye. Ó yà ọ́ nínú gáùn, o ń rẹ́rìn-ín. Mo bọ́ gáùn, mo wọ ṣòkòtò fún ọ, mo dé fìlà lé ọ lórí, ni o bá fa ètè sísàlẹ̀, torí fìlà náà ń yún ọ. Bàbá Àyúbà ò bi mí ní nǹkan kan. Kì í ṣe èmi ni ìyá ìbejì àkọ́kọ́ tó máa wọlé síbẹ̀.

Kì í ṣe irọ́, mi ò sì ní bẹ̀ ọ́ nítorí rẹ̀. Táyé ló jókòó lórí àga yẹn ní ìgbà kejì. Ìwọ lo yá a ní ara.

Mo fẹ́ fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyẹn. Mo fẹ́ fi kún un pé nítorí náà, o ò gbọdọ̀ tún wọ aṣọ rẹ̀ mọ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ wo eré náà dáadáa, kí n lè mọ ohun tí mo fẹ́ bá ọ wí lé lórí. Mo ránṣẹ́ pe Fareedah. Ó ń wá bí ológbò tó jí ẹran. Mo ní kó jókòó, kó tan fóònù, mo sì gba fóònù náà, mo gbé e sún mọ́ àwòrán ara ògiri. Mo ń wá ibi tí Táyé wà. Mo wo fóònù: ìwọ. Mo wo ògiri: ìwọ. Mo di ojú kí n lè rí ojú tirẹ̀ gan-an, ojú tó ní kí ibà tó mú un.

Mi ò rí i, Kẹ́hìndé. Ìwọ lo ń wá. Bí mo ṣe ń lé ọ lọ, ìwọ náà lo tún ń padà wá, ìwọ àti fìlà. Láàárọ̀ lálẹ́ ni mo ti ń wo àwòrán yẹn, ojú rẹ ti jẹ ojú rẹ̀ tán. Mo rántí pé ó dú jù ọ́ lọ. Mo rántí bó ṣe máa ń wúwo lẹ́yìn mi tó bá ti sùn. Ojú rẹ̀ ni mi ò rántí. Ọmọ tí mo fi inú mi bí, tó bá wọlé báyìí, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé màá dá a mọ̀. Mo sunkún débi pé Fareedah lọ pe ìyá ẹ̀.

Bí a ti ń sunkún, a máa ń ríran. Mo kọ̀wé sí ọ pé o gbé ọmọ mi jáde fún àwọn òyìnbó. O kò gbé ẹnikẹ́ni jáde. Ojú ara rẹ lo wò, òun náà lo tún fi ṣeré. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, ẹ̀rù rẹ kò lè tán lára mi, bí o bá wá di ìyá, o ó mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n níbi tó wà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa rí níbẹ̀, tó ń kọrin. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Sọ bẹ́ẹ̀ ni fún wọn. Àwòrán yẹn, tìrẹ ni, ohun tó bá wù ọ́ ni kí o fi ṣe é.

O ní nígbà tí o bá bi mí bó ṣe rí, màá ní kí o wo ògiri. Òótọ́ ni. Kò sí ìgbà kankan tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ilé yìí, èmi àti bàbá rẹ pàápàá. Níjẹta, ó ń jẹun lọ́wọ́, mo dúró tì í, mo ní, “Bàbá Ìbejì, báwo ni ojú Táyé ṣe rí?” Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ dìde ni. Ó ní, “Etí ẹ̀ tóbi.” Mo ní irọ́ ni, etí ọmọ mi ò tóbi. Ó ní ó tóbi, pé etí tòun gan-an ni, pé ìdí tí òun kì í fi í jẹ́ kí n dé fìlà fún un nìyẹn. Mo ní ọmọ mìíràn lo ń sọ. Láti ọjọ́ náà la ti ń jà lórí etí. Ó ń jí mi lójú oorun nítorí ẹ̀. Ó wà ní pálọ̀ báyìí, ó ń pariwo pé kí n kọ ọ́ sínú lẹ́tà fún ọ pé etí ọmọ náà tóbi.

Mo ti kọ ọ́. Irọ́ ló ń pa.

Ìyá rẹ